Nǹkan Tí Wọ́n Rí Lára Ìyá Mi

Mi ò kọ́ gẹ̀ẹ́sì níléèwé tó bí mo ṣe kọ́ ọ níléeṣẹ́ ike tí mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ágbára. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, tí ọ̀gá sì béèrè ohun tó ṣe é, a kì í sọ pé a ò mọ̀. A ó ní, "We are working on something, sir," tàbí "We are looking into one or two things." Ọ̀gá á mi orí, á kọjá lọ. Mo fẹ́ràn gẹ̀ẹ́sì yẹn gan-an ni. Èèyàn lè fi í bo ohunkóhun mọ́lẹ̀.

Mi ò fura pé mo ti ń gbé e wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bọ̀ wálé.

Lọ́dún tó kọjá, kókó kan yọ sí ìyá mi lọ́mú. Mo mú un wá láti Ìsẹ́yìn sọ́dọ̀ mi ní Joju, a lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, èmi nìkan ni mo wọlé lọ bá dókítà. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní kò tíì tàn kálẹ̀, pé bí wọ́n bá tètè gé ọmú náà, ìrètí wà. Ṣùgbọ́n ìyá mi fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Mo jáde sí i níta, mo ní, "Wọ́n ṣì ń wò ó, Màámi."

Nílé wa, a kì í pe àìsàn lórúkọ, kó má baà dà bíi pé à ń ké sí i. Òun ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Mo wá ń tan ara mi pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni mò ń tẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń pè mí láti Ìbàdàn. Màámi á jókòó tì mí, á máa ṣa ẹ̀wà, èmi á sì máa dáhùn: "They saw something. They want to do something about it. We are still waiting for one thing or the other." Ẹ̀gbọ́n mi tó mọ gbogbo rẹ̀ náà á ní, "Have you talked to her about that thing?" Ìyá mi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Àwa sì rò pé a gbọ́n.

Ní ọjọ́ kẹrin, bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, sọ́mtìn yẹn, èmi ni àbí?"

"Kí ni, Màámi?"

"Sọ́mtìn tí ẹ̀ ń sọ láti ijọ́ yìí. Tó o bá ti dé ibẹ̀, àyà mi lo máa ń wò."

Mo ní ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í pe àìsàn lórúkọ ni.

Ó gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Èmi ni. Ejò náà, a kì í pè é léjò lálẹ́, okùn ilẹ̀ là ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé okùn ilẹ̀ náà lo máa pè é fún un?"

Mo wá sọ ọ́: pé gígé ni wọ́n fẹ́ gé e, pé ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo sunkún bí ọmọdé. Òun ò sunkún. Ó fọwọ́ kan ọmú òsì rẹ̀.

"Èyí lo fẹ́ràn jù," ló wí. "Bí mo bá gbé ọ̀tún fún ẹ, wàá yíjú kúrò. Ó ti ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Kí wọ́n gé e."

Ó ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi padà, kí n sọ ọ́ ní Yorùbá kí òun náà lè gbọ́. Mo gbé fóònù sí àárín wa, mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ àìsàn náà, ẹnu mi wúwo, mi ò lè pè é. Ìyá mi ló bá mi pè é.