Bàbá Ẹ-Jókòó àti Àwọn Ọmọ Kọlẹ́ẹ̀jì Tó Ń Sọdá Omi Nangbéto

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kó ọmọ ilé-ìwé sínú ọkọ̀, mo ti fẹ́ yí ọkọ̀ padà kí a tó dé agbedeméjì omi. Kì í ṣe omi ló fà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọdá omi náà, èmi àti iṣu, èmi àti ewúrẹ́, èmi àti àwọn ìyá tó ń lọ sọ́jà. Ìyá tó bá wọkọ̀ á jókòó jẹ́ẹ́, á di ẹrù rẹ̀ mú, á máa gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì kì í gbàdúrà. Á dìde, á kọ ẹ̀yìn sómi, á na fóònù sókè, á ní kí ọ̀rẹ́ òun sún mọ́ òun kí àwọn ya fọ́tò. Mo pariwo "Ẹ jókòó!" títí ohùn mi fi há. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti sọ mí ní Bàbá Ẹ-Jókòó, orúkọ náà ni gbogbo abúlé sì ń pè mí dòní.

Abúlé wa wà létí omi ńlá tí wọ́n sé jọ ní Nangbéto, níbi tí wọ́n ti ń fi odò Mónò ṣe iná mànàmáná. Kọlẹ́ẹ̀jì wà ní òdìkejì. Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn yí omi náà po, kó má wulẹ̀ wọ kakí ilé-ìwé, torí wọn yóò ti jáde kó tó dé. Ifẹ̀ ẹ̀bá odò Mónò ni wá, ọmọ àgbẹ̀ ni wá, omi ló wá bá wa, àwa kọ́ la lọ bá a. Ibi tí ọkọ̀ mi ń gbà kọjá yìí, oko bàbá mi ni kí wọ́n tó sé odò náà. Mo gbin àgbàdo níbẹ̀ rí.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Fòfó Kójó, apẹja kan láti inú ẹ̀yà Ewé, tó ti ìsàlẹ̀ odò wá. Fòfó ni àwọn Ewé ń pe àgbà ọkùnrin, àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó bá mi létí omi lọ́jọ́ kan tí mo ń wo apá ibi tí oko wa wà tẹ́lẹ̀.

Ó bi mí pé, "Fílípù, ṣé o mọ ibi tí àwọn igi wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀? Ìrókò wà níbi yẹn, igi irú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ wá ga díẹ̀ níwájú."

Ó ní, "Wá bá mi ṣiṣẹ́ nígbà náà. Omi nìkan lèmi mọ̀."

Ìdí tó fi béèrè ni pé ẹnikẹ́ni ò gé àwọn igi náà kí omi tó bò wọ́n. Wọ́n kú síbẹ̀ lóòró, ẹ̀ka wọn wó dànù, kùkùté wọn sì le bí irin. Nígbà òjò, omi ga ju kùkùté wọn lọ, ọkọ̀ ń kọjá lórí wọn láìmọ̀. Nígbà ọyẹ́ ni wàhálà dé, tí omi bá fà, tí kùkùté bá sún mọ́ òkè láìyọjú. Nítorí náà, Fòfó fi lélẹ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, kó máa fi yẹ omi wò. Bí ọ̀pá bá kan nǹkan, á kígbe pé "Igi!", èmi tí mo wà nídìí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ á sì yà. Ẹni tó bá máa di ọ̀pá náà mú gbọ́dọ̀ mọ̀wẹ̀, torí òun ló lè kọ́kọ́ ṣubú. Àwọn tí kò bá mọ̀wẹ̀ á jókòó sáàárín, wọ́n á sì wọ jilẹ́, ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Àwọn òbí ló dá owó jọ ra jilẹ́, kò sì kárí.

Ètò yìí dára lójú mi títí mo fi rí i pé mi ò lè mọ ẹni tó mọ̀wẹ̀ nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí bóyá ní ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ìyá wa kórìíra omi náà. Ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ pé ó mọ̀wẹ̀, wọ́n á ní ó ti ń lọ ṣeré níbẹ̀ láìgba àṣẹ, pàṣán ni yóò fi sùn. Ìyá Afí, ọmọbìnrin kan tí mo ń gbé sọdá, ló le jù nínú wọn, torí omi náà ló gbé àbúrò ìyá náà ọkùnrin lọ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sé e. Nítorí náà, bí mo bá béèrè níwájú àwọn òbí pé ta ló mọ̀wẹ̀, gbogbo wọn á mi orí, wọn ò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá béèrè nínú ọkọ̀, níwájú àwọn ẹgbẹ́ wọn, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, àfi àwọn ọmọbìnrin bíi Afí tí wọ́n ń wo ilẹ̀. Ẹni tó jókòó sáàárín ni wọ́n ń pè ní ẹrù. "Ẹrù, kú jókòó o!" Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ara wọn nìyẹn. Èmi á dùbúlẹ̀ lálẹ́, màá máa rò ó, ìyàwó mi á ní kí n yé yí kiri lórí ibùsùn.

Màtíásì ló ń di ọ̀pá mú lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Ọmọ gbọ̀ngbọ̀nràn ni, òun ni olórí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní kọlẹ́ẹ̀jì, wọ́n sì ń pè é ní Kapitẹ́ẹ̀nì. Nígbà tí mo na jilẹ́ sí i, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá, ẹ fún àwọn ẹrù. Èmi mọ̀wẹ̀ dáadáa, pà dè pòròblẹ́ẹ̀mù, kò sí wàhálà!"

Afí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, ó kéré, kì í sọ̀rọ̀. Ó máa ń jókòó sáàárín gan-an, á so okùn jilẹ́ rẹ̀ le bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ń wò ó láti etí omi. Ìyá rẹ̀ sì máa ń wò ó lóòótọ́.

Òwúrọ̀ ọyẹ́ kan, kùrukùru bo ojú omi, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ọkàn mi kò fẹ́ kí a lọ. Ṣùgbọ́n ìdánwò ni wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti ń bẹ̀ mí. A lọ. Màtíásì ń fi ọ̀pá yẹ omi wò, ó ń ṣe é dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ ló ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kùkùté náà kò kan ọ̀pá, abẹ́ ọkọ̀ ni ó kàn. Mo gbọ́ tí pákó sán. Omi tútù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé níbi ẹsẹ̀ mi.

Ẹ̀rù bà mí. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn ló kún inú ọkọ̀ yẹn. Mo kígbe "Ẹ jókòó!" bí mo ṣe máa ń kígbe, wọ́n sì jókòó, gbogbo wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Àwọn kan fi igbá àti àwo oúnjẹ gbọ́n omi dànù. Ó ń wọlé ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́n ọn lọ.

Fòfó ti kọ́ mi ní ohun tí à ń ṣe. Bí ọkọ̀ bá ti wúwo jù, àwọn tó mọ̀wẹ̀ á bọ́ sómi, wọ́n á di etí ọkọ̀ mú, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tì í. Ọkọ̀ á fúyẹ́, á léfòó. Mo sì mọ ibi tí a lè tì í dé, ibi tí ilẹ̀ ti ga lóko bàbá mi, tí omi kì í kọjá àyà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò jìnnà. Àwọn ọmọ apẹja méjì tó wà lẹ́yìn bọ́ sómi kí n tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì dì mú. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo, ọkọ̀ sì ń fì.

Mo kígbe pé, "Kapitẹ́ẹ̀nì, bọ́ sómi! Di iwájú mú!"

Màtíásì bọ́ bàtà. Ó rọra bọ́ ọ, ó tò wọ́n síbì kan bí ẹni tó fẹ́ wọlé àlejò. Ó gbé ẹsẹ̀ kan jáde. Ojú rẹ̀ ti di eérú, ọwọ́ rẹ̀ di etí ọkọ̀ mú, kò sì tú u. Gbogbo wọn ń wò ó. Mo rí i pé yóò bọ́ sínú omi yẹn. Mo ti fẹ́ kígbe sí i pé kó yára, torí ohun tó ń ṣe kò yé mi.

Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ̀wẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Láti àárín ọkọ̀, Afí tú okùn jilẹ́ rẹ̀, ó jù ú sí Màtíásì, ó ní, "Wọ̀ ọ́. Jókòó síbi tèmi." Kí n tó la ẹnu, ó ti yọ́ sínú omi. Mo ké orúkọ rẹ̀. Mo rò pé orí ọmọ náà ti dàrú, pé òkú rẹ̀ ni màá gbé lọ fún ìyá tí omi ti gba àbúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orí rẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó di etí rẹ̀ mú, ó tu omi ẹnu rẹ̀ dànù.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wakọ̀!"

Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ló ń pàṣẹ fún mi. Mo wakọ̀. Mo fi àjẹ̀ wa omi títí apá mi fi ń jó, àwọn mẹ́ta náà ń tì, àwọn yòókù ń gbọ́n omi, Màtíásì pẹ̀lú wọn, nínú jilẹ́ tí kò lè bò ó láyà. Nígbà tí ẹsẹ̀ Afí kan ilẹ̀, ó dúró, omi dé ọrùn rẹ̀, ó bú sẹ́kún. A dúró síbẹ̀ títí àwọn apẹja fi wá kó wa.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo ti gbà yín nímọ̀ràn púpọ̀ nínú ọkọ̀, ẹ kì í sì gbọ́. Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde. Ẹ má tẹ fóònù létí omi. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nílé mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gbàgbé gbogbo rẹ̀, ẹ mú èyí nìkan. Bí ẹ kò bá mọ nǹkan, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ ọ́ létí omi, kí ẹ tó wọkọ̀. Bí ẹ kò bá sọ ọ́ níbẹ̀, tí ẹ ti gbé ẹsẹ̀ kan jáde, ẹ ṣì sọ ọ́, ẹ fa ẹsẹ̀ náà wọlé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi nìkan. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n gbé alùpùpù fún tí kò gùn rí, tó sì gùn ún gba ọ̀nà ìlú Glei lọ. Mo ti rí ẹni tó bá àjèjì lọ ṣiṣẹ́ oko lọ́nà jíjìn nítorí pé ó tijú láti ní òun ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ìtìjú náà kì í pẹ́ rárá, mo fi ojú mi rí i.

Ní tèmi, láti ọjọ́ náà, mi ò béèrè níwájú àwùjọ mọ́. Mo ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi àti òun nìkan, mo sì ń mú wọn lọ síbi tí omi kò jìn kí n fojú ara mi wò ó bóyá wọ́n mọ̀wẹ̀. Àyà mi ṣì ń já láràárọ̀. Ìyàwó mi ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo ní ta ni yóò máa kígbe sí wọn?

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ létí omi lọ́jọ́ náà ni mi ò lè gbàgbé. Àwọn apẹja kó wa padà sí abúlé. Ẹnì kan ti fi fóònù ròyìn, gbogbo òbí sì ti péjọ. Ìyá Afí ti ìdí ààrò sáré wá, ọkà ṣì wà lára orógùn tó mú lọ́wọ́, àbúrò Afí rọ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un. Ó wo ọmọ rẹ̀, tí omi ń kán lára kakí rẹ̀, tí kò wọ jilẹ́.

Ó ní, "Wọ́n ní o bọ́ sómi. Ta ló kọ́ ọ níwẹ̀?"

Afí sún sẹ́yìn. Orógùn yẹn bà á lẹ́rù ju omi lọ. Ìyá rẹ̀ gbé orógùn sókè. Mo ti ń bọ̀ láti dá sí i, ṣùgbọ́n Màtíásì ti dé àárín wọn, nínú jilẹ́ kékeré yẹn, lójú bàbá rẹ̀, lójú àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, lójú gbogbo àwọn ọmọbìnrin.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Èmi ni mi ò mọ̀wẹ̀. Mo parọ́ fún gbogbo wọn. Ó bọ́ sómi dípò mi."

Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bàbá Màtíásì béèrè pé kí ló wí. Màtíásì gbé ojú sókè, ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ketekete, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

Orógùn náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Afí tú ìborùn rẹ̀, ó fi nu orí ọmọ rẹ̀, ó nù ún pẹ́ títí, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó fa ọmọ kékeré tó rọ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀ síwájú.

Ó ní, "Lọ́la, wàá kọ́ àbúrò rẹ níwẹ̀."