Dókítà Kódáńdarámáyà àti Kòkòrò Inú Òdòdó Ata

Àwa ará Gùńtúrù kò lè gbàgbé ọjọ́ tí Dókítà Kódáńdarámáyà, onímọ̀ kòkòrò ìlú wa, ti ọ̀gá ìjọba mọ́lé nítorí pé ó sín.

Ọ̀gá náà, Kùtúmbaráò, wá láti olú-ìlú pẹ̀lú ìwé kan tó fẹ́ kí Dókítà fọwọ́ sí. Dókítà dojú kọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Kòkòrò kan wà lórí gíláàsì pẹlẹbẹ níwájú rẹ̀, kò tóbi ju àmì ìdánudúró inú ìwé lọ, òun nìkan ló sì kù tí ìyẹ́ rẹ̀ pé. Kò sí fáànù ní yàrá náà, Dókítà ti yọ ọ́ dànù. Ìlú wa sì rèé, ọjà ata ni gbogbo rẹ̀, imú àlejò kì í sinmi. Ọ̀gá la ẹnu, ó ní, "Dókítà, ìwé tí mo..." Ó sín. Gíláàsì ṣófo.

Dókítà dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mira!"

"Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́ ṣá?" ni ọ̀gá bi í.

"Mo mọ̀ yín, ọ̀gá. Ẹni tí mi ò tíì mọ̀ ni mò ń wá."

Odidi wákàtí kan ni wọ́n fi wà lórí orúnkún: Dókítà, ọ̀gá, awakọ̀ rẹ̀, àti Anasúyà, obìnrin tó ti ń bá Dókítà ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Anasúyà ló rí i. Inú túbọ̀mu ọ̀gá ló wà. Dókítà na búrọ́ọ̀ṣì tíńtín sí i, ó rọra sọ pé, "Ẹ má mí o. Tí mo bá ti gbà á tán, ẹ lè máa mí lọ."

À ń fi rẹ́rìn-ín báyìí. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Oṣù kan ṣáájú ni Máńgatáyárù, opó kan tó ń gbin ata lábúlé, gbé abọ́ oúnjẹ onídèérí wọ ilé iṣẹ́ wọn. Òdòdó ata ló kún inú rẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n sórí tábìlì, ni nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí sáré kiri, bí ẹni pé ata gígún hu ẹsẹ̀.

"Dókítà, àwọn wọ̀nyí ló ń pa oko wa. Òdòdó ń já bọ́ kó tó so. A fín oògùn títí, ṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ wọn fún wa."

"Tíríìpì ni, ìyá," ni Anasúyà dáhùn.

"Tíríìpì wo?" ni Dókítà gbà á lẹ́nu. "Ẹbí tíríìpì pọ̀ ju ẹbí tèmi lọ, mọ́kàndínláàádọ́ta sì ni àwọn tó ń wá jẹun nílé mi lọ́jọ́ ọdún!"

Orúkọ yẹn ṣe pàtàkì. Tíríìpì àtijọ́ tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè tó ti ṣá, ewé ló sì ń jẹ. Bí kì í bá ṣe òun nìyí, oògùn rẹ̀ á kàn máa pa àwọn kòkòrò rere tó ń jẹ tíríìpì ni. Nígbà èwe rẹ̀, Dókítà ti kánjú sọ kòkòrò kan lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, abúlé mẹ́rin sì fín oògùn òfo títí òwú wọn fi tán lóko. Láti ìgbà náà, bí o bá bi í bóyá ilẹ̀ ti mọ́, á kọ́kọ́ lọ wo ojú fèrèsé.

Kò sí ibi tí kì í wá kòkòrò dé. Níbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò ìyàwó rẹ̀, ó gbọ̀n òdòdó ọrùn ìyàwó tuntun sórí ìwé funfun níṣojú àlùfáà. "Méje!" ló pariwo. "Obìnrin sì ni gbogbo wọn!" Ìyá ọkọ rò pé ọmọ tí wọn ó bí ló ń sọ, ó bú sẹ́kún.

Ṣùgbọ́n ti oko ata kò ní àwàdà nínú. Lọ́sẹ̀ tí ọ̀gá Kùtúmbaráò wá yẹn gan-an, Sámbáyà, àbúrò ọkọ Máńgatáyárù, ṣubú lóko pẹ̀lú pọ́ǹpù oògùn lẹ́yìn rẹ̀, tó ń yọ ìfófòó lẹ́nu. Nílé ìwòsàn, kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ìwé tí ọ̀gá mú wá sì sọ pé kòkòrò àtijọ́ ni, kí wọ́n lè pín oògùn kan náà sí i.

"Ẹ fọwọ́ sí i, Dókítà," ni ọ̀gá sọ. "Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ìdí tí mi ò fi ní fọwọ́ sí i nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi omi oògùn fọ kòkòrò náà títí ara rẹ̀ fi mọ́ gaara. Oríkèé mẹ́jọ ló wà lára ìwo tíríìpì àtijọ́. Dókítà ka ti èyí, ó tún un kà.

"Anasúyà, wá kà á. Má sọ ọ́ sétí mi o. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́: méje. Wọ́n wo ìyẹ́, wọ́n wo irun ọrùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ka ogójì kòkòrò. Méje ni gbogbo rẹ̀.

"Àjòjì ni," ni Dókítà sọ. Òógùn bo ojú rẹ̀. "Inú òdòdó ló ń gbé. Àwa fúnra wa là ń bá a pa àwọn ọ̀tá rẹ̀."

Ó mú agboòrùn, ó gba abúlé lọ. Ó ní kí wọ́n dáwọ́ oògùn yẹn dúró, kí wọ́n máa já òdòdó tó ti bàjẹ́ rì mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi òróró dóńgóyárò wọ́n ìyókù.

"Tí oko bá wá tán ńkọ́?" ni àgbà kan bi í.

"Tó bá tán, ẹ ó bá mi nínú rẹ̀."

Wọ́n rò pé ẹnu lásán ni. Ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Máńgatáyárù, ó lo ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àràárọ̀ ló ń gbọ̀n òdòdó, tó ń ka kòkòrò. Ìrẹsì pẹ̀lú wàrà kíkan ló ń jẹ, kò jẹ́ fọwọ́ kan ata.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń tìtorí ata kú lọ, ẹ ò lè jẹ ẹ́?" ni Máńgatáyárù bi í.

"Ìyá, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Oko mẹ́sàn-án ṣègbé. Ó lọ dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí dúró lórí igi. Sámbáyà náà fi ọ̀pá rìn padà wálé. Ó rí Dókítà lórí orúnkún láàárín ata, ó ní, "Ta ni bàbá tó ń bẹ òdòdó yìí?"

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Dókítà kú láàárọ̀ Sátidé kan, kọfí rẹ̀ kò tíì tutù. Nílé ọ̀fọ̀, wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ títí ìyàwó rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Anasúyà mú gíláàsì pẹlẹbẹ kan jáde tí kòkòrò náà wà lórí rẹ̀, ó fi han Máńgatáyárù. Ìwé pélébé kan lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní.

"Mi ò mọ̀wé, ọmọ mi. Kí ni wọ́n kọ?"

"Dókítà kọ ọ́ pé, 'Láti inú òdòdó ata. Máńgatáyárù ló rí i.'"

"Orúkọ tèmi? Ti Dókítà ńkọ́?"

"Kò kọ tirẹ̀."

Máńgatáyárù fi etí aṣọ nu ojú. Ó di gíláàsì náà mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ẹyin.

"Ẹ̀rù ń bà á tó yẹn," ló sọ, "síbẹ̀, ó wá."