Àǹtí Olódo àti Ohùn Ọmọ Aránṣọ

Olódo ni wọ́n ń pe obìnrin náà ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ pé ju ti gbogbo àwa tá à ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fa orúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta kọ̀ǹpútà tàbí kó fi tọrẹ, Àǹtí Olódo ni yóò bá a nu inú rẹ̀, tí gbogbo ibi tí nǹkan wà níbẹ̀ á fi di òdo. Kò sí àwòrán mèremère kankan nínú iṣẹ́ yẹn o: ojú ẹ̀rọ dúdú, lẹ́tà funfun, ìlà àṣẹ kan ṣoṣo. Yóò tẹ ìlà náà, yóò tún orúkọ díìsì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pa mọ́ sí, yẹ̀ wò, nítorí ẹ̀rọ yẹn kì í bi èèyàn bóyá ó dá a lójú. Lẹ́yìn náà yóò káwọ́ kò. Ẹni tó ni ẹrù ló gbọ́dọ̀ tẹ Ẹ́ńtà, bọ́tìnnì tó ń mú àṣẹ ṣẹ, fúnra rẹ̀. Ẹ sunkún, ẹ bú u, kò ní tẹ̀ ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin aránṣọ kan wọlé, ó gbá kọ̀ǹpútà alágbèéká kan mọ́ àyà.

"Ẹ bá mi pa gbogbo ohun tó wà níbí rẹ́, Àǹtí."

"Ta ló ni ín?"

"Ọmọ mi obìnrin. Ó ti kú." Ó gbé e kalẹ̀. "Ó gba ohùn ara ẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ mi ò kúrò nídìí ẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn ni kì í kúrò létí ẹ̀. Kì í jẹun, kì í lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá bá a sọ̀rọ̀, á ní kí n dákẹ́, òun ò gbọ́ ohun tọ́mọ ń sọ."

Àánú ṣe Àǹtí Olódo. Ó ní kí òun kọ́kọ́ da ohùn náà kọ sí ibòmíràn. Aránṣọ kọ̀ jálẹ̀: ibi yòówù kó wà, ọkọ òun á wá a rí.

"Ẹ lọ pe ọkọ yín wá nígbà náà. Ọwọ́ wọn lẹrù wà."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ọkùnrin náà fi já wọlé. Ó bá tábìlì lófìfo nílé, aládùúgbò ló júwe ibi tí ìyàwó rẹ̀ gbà fún un. Irùngbọ̀n ti bo ojú ẹ̀, ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí ẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Ọmọ kan ni mo sin," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn, ojú ẹ̀ gbẹ táútáú. "Mi ò lágbára àtisin ọkọ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ara yín."

Ọkùnrin náà wo ara rẹ̀ lóòótọ́. Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà náà, ó bi Àǹtí Olódo pé:

"Tí ẹ bá pa á rẹ́, ṣé èèyàn lè rí ohùn ẹ̀ padà tó bá yá?"

"Rárá, sà," ni Àǹtí Olódo wí. "Díìsì àtijọ́ tó máa ń yí, nǹkan máa ń pẹ́ kó tó pa rẹ́ níbẹ̀, èèyàn lè dá a dúró lágbede méjì. Irú tuntun yìí, kí ẹ tó gbọ́wọ́ kúrò, ó ti tán. Mi ò lè parọ́ fún yín."

Àǹtí Olódo tẹ ìlà náà, ó káwọ́ kò. Ọkùnrin náà na ìka rẹ̀, ó tẹ Ẹ́ńtà. Ìlà tuntun yọ lójú dúdú yẹn. Ó parí náà nìyẹn.

Aránṣọ bú sẹ́kún! Igbe tí kò ké lọ́jọ́ tọ́mọ kú, ìgbà yẹn ló tó ké e.

"Mi ò gbọ́ ohùn yẹn rí! Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé tó bá dọjọ́ kan, ọkàn mi á gbé e. Yéè, mo gbé!"

Àǹtí Olódo ò mọ ibi tó máa fojú sí. Ó ti dá bàbá lóhùn gbogbo ohun tó bi í, kò sì rántí bi ìyá bóyá ó ti gbọ́ ohùn náà rí. Ó dùn ún wọra.

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ ti ìyàwó rẹ̀, ó dì í mú.

"Pẹ̀lẹ́. Mo mọ gbogbo ẹ̀ sórí," ló wí. "Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, 'Mọ́mì, èmi ni mo jẹ ẹran yẹn o, ẹ má na àbúrò mi.'"