Kò Sí Àṣìṣe Níbẹ̀

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa wá àṣìṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì ọmọ ọlọ́mọ. Ní yunifásítì tó wà ní College Park, yàrá kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé ohun tí wọ́n bá kọ wá. Màá jókòó tì wọ́n, màá máa fi ìka tọ́ka síbi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Èyí kò dáa. Tọ̀hún náà kò dáa. Ibí yìí, kí lo fẹ́ sọ gan-an? Inú kì í bí wọn. Wọ́n á ní, "Okay, cool," wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún un kọ, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Kí n tó dé Amẹ́ríkà, iṣẹ́ kan náà ni mo ṣe ní sẹ́kọ́ńdìrì kan n'Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ibẹ̀ sọ mí ní Ọ̀gá Concord, nítorí pé bí ọ̀rọ̀-ìṣe kò bá ti bá olùwà rẹ̀ mu, ara mi kì í gbà á.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tí mi ò lè sọ fún pé ohun tó ṣe kò dáa. Ẹni náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí ìyá wa. Òun náà ló sì wá nílò mi jù.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní Maryland tipẹ́ kí n tó dé. Òun ló mú mi wá. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CNA. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun náà ló ń yí wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má baà dá sí wọn lára. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń dùn ún. Bó bá fẹ́ dìde lórí àga, á kọ́kọ́ di tábìlì mú, á sọ pé "Bísímílàhì," á tó gbéra. Dókítà ní kó má gbé ohun tó wúwo mọ́. Ṣé èèyàn wá fúyẹ́ ni? Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo tó rí ni kó di nọ́ọ̀sì, kó máa pín oògùn, kó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kí ẹlòmíràn tí eegun rẹ̀ ṣì le máa gbé èèyàn.

Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó fẹ́ lọ ní ìdánwò ìwọlé. Ó yege nínú ìṣirò, ó yege nínú ẹ̀kọ́ nípa ara èèyàn. Gẹ̀ẹ́sì ló ń dá a padà. Wọ́n á kọ gbólóhùn, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ ibi mélòó kan nínú rẹ̀, wọ́n á ní kí o mú èyí tó ṣì. Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ìdáhùn tí o lè mú máa ń sọ pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ó ti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í fún èèyàn láyè ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ọ. Ibí ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń dáhùn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi tútù sọ ọ̀rọ̀ gbígbóná. "Mommy, that's wrong. How do you not see it?" Ẹ̀gbọ́n mi pa ìwé dé, ó bu oúnjẹ fún un, kò sì ṣí ìwé náà mọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló pè mí.

"Àbúrò mi, wá kọ́ mi. Ìwọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀."

Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Ní Sátidé, mo wa ọkọ̀ lọ sílé rẹ̀ ní Capitol Heights, níbi téèyàn ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ojú irin Metro láti yàrá ìdáná. A jókòó sí tábìlì, mo kọ gbólóhùn kan fún un: *Each of the girls have a book.* Ọmọ kékeré ni gbólóhùn yìí lójú mi. Láti Ìbàdàn la ti jọ mọra.

Ó kà á jáde, ó kà á dáadáa. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè. "Ó dáa."

"Àǹtí mi, ẹ tún un wò."

"Mo ti wò ó. Wọ́n ní ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀. Ṣé ohun tó fẹ́ sọ kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni, mà."

"Ó dáa nìyẹn."

Mo ní kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú gbólóhùn náà, láìwo tèmi. Ó mú bírò, ó sì kọ *has*. Ó kọ ọ́ láìronú, bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mo fi tèmi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní kí ó wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì.

"Mo rí i. Bí èmi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí. Ìyẹn sì ni bí ẹni yẹn ṣe sọ tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yé mi, kí ni mo tún ń wá lẹ́nu rẹ̀?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo wọ gàù. Bó bá jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n ni, iṣẹ́ mi nìyẹn, màá kọ́ ọ. Ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó wo ojú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kó sì sọ pé ó ṣì. Mi ò mọ ìwé tí wọ́n fi ń wo irú rẹ̀ sàn.

Mo mọ ibi tó ti wá, nítorí ẹ̀kọ́ kan náà ló kọ́ mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì, àlejò kan wá kí bàbá wa nílé. Bàbá wa fẹ́ràn láti máa fi Gẹ̀ẹ́sì kí àlejò. Ọbẹ̀ ń hó lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé, ni Bàbá bá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "I am hearing the smell." Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní, "Wọn kì í hear smell, sà." Àlejò rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, Gẹ̀ẹ́sì wọn sì parí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi fa etí mi títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná.

"Ohun tí Bàbá sọ, ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi."

"Ṣé ó yé àlejò?"

"Ó yé wọn."

"Kí lo wá ń tún ṣe? Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ."

Ẹni tó fa etí mi nígbà náà ni mo wá jókòó tì, tí mo ń bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó bá mi sọ pé ọ̀rọ̀ èèyàn ṣì. Sátidé mélòó kan kọjá bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tó wọ́ bí ẹsẹ̀ àga tó kán, á kà á, á ní ó dáa. Èmi náà kò lè sọ pé, "Rárá, ẹ ò gbà á." Ohun tó ń jáde lẹ́nu mi ni, "Ó kù díẹ̀, mà," àti "Ẹ ti súnmọ́ ọn." Bí mo bá ti wọ ọkọ̀ láti padà sílé, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, sí i àti sí ara mi, kò sì sí ohun tí ìbínú náà rí ṣe.

Ọmọ rẹ̀ ló gbà wá là lọ́jọ́ kan láìmọ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀ pé òun àti ọ̀rẹ́ òun ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó ya ẹnu. "*Me and her is coming*? Irú Gẹ̀ẹ́sì wo nìyí? Yunifásítì ló ń lọ o."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. "Àǹtí mi, báwo lẹ ṣe rí ìyẹn?"

"Ọmọ mi ni. Bí mi ò bá tọ́ ọ sọ́nà, ta ló fẹ́ tọ́ ọ?"

Láti ọjọ́ náà lọ, mo sọ gbogbo ìbéèrè di ohun tí ọmọdé kọ. Kó tó ka gbólóhùn, á bi mí pé, "Ta ló kọ èyí?" Màá ní, "Ọmọkùnrin kan ni, ní Seat Pleasant tó wà nítòsí yìí. Kì í gbọ́ ti ìyá rẹ̀." Á gbé awò ojú rẹ̀ sókè. "Mo ti mọ̀. Wò ó, *he don't*. *Doesn't* ni, olóríkunkun." Àwọn ọmọ Seat Pleasant pọ̀ lọ́wọ́ wa, gbogbo wọn ló sì rí ìbáwí gbà. Nígbà tó yá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tó ń ṣì mú mọ́. Inú mi dùn dé ibi pé mo sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ mi pé ẹ̀gbọ́n mi ń di nọ́ọ̀sì. Mo ti sọ ọ́ tán kó tó wọlé ìdánwò.

Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi ni mo gbé e lọ. Mo dúró dè é níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Mo kírun Àìlá lórí koríko, mo jẹ búrẹ́dì. Nígbà tó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti dúpẹ́.

"Àwọn ọmọ wa ló pọ̀ níbẹ̀," ó ní bó ṣe ń so bẹ́líìtì mọ́ra. "Mo tọ́ wọn sọ́nà dáadáa."

"Alihamudulilahi."

"Àyọkà gígùn kan ló wà níparí. Ìyá arúgbó kan ló kọ ọ́. Ó wà ní ilé ìtọ́jú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń wẹ̀ ẹ́. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri, wọ́n ní ká mú ohun tó yẹ ká fi rọ́pò rẹ̀, tàbí ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

Mi ò tíì tan ọkọ̀.

"Mo rí i pé àwọn ibì kan wọ́. Má rò pé mi ò rí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá yẹn á ti máa gbọ̀n. Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Ibo lẹ fi sílẹ̀, mà?"

"Gbogbo rẹ̀ ni. Ó yé mi kedere."

"Àǹtí mi, kò sí ìyá kankan níbẹ̀. Ẹnì kan ló jókòó sí ọ́fíìsì tó hùmọ̀ rẹ̀."

Ó yí ojú sí mi. "Àwọn ọmọ Seat Pleasant ńkọ́? Ṣé wọ́n wà?"

Mo tan ọkọ̀, mo bọ́ sójú títì. A ti dé iwájú ilé rẹ̀ kí fóònù rẹ̀ tó dún. Kò wò ó. Ó nà án sí mi.

"Kà á fún mi."

Mo kà á. Díẹ̀ báyìí ló kù kó yege. Ká ní ó tọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ìyá náà sọ́nà ni, ì bá ti wọlé. Ìyẹn sì ni ìgbà kẹta. Mo sọ fún un pé kò bọ́ sí i. Ọkàn mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ó gba fóònù náà, ó fi sínú báàgì, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Ìwọ tíṣà," ó ní jẹ́jẹ́, "ìwé ìyá yẹn tí mo fi sílẹ̀. Ṣé mo ṣe àṣìṣe?"

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Wọ́n ń sanwó fún mi kí n lè dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìdáhùn, òun náà mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo ya ẹnu, mo sì gbọ́ ohun tó jáde níbẹ̀.

"Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, Àǹtí mi."

"O káre," ó ní. "Ọmọ ìyá mi ni ọ́."

Lẹ́yìn náà ló ní òun gbọ́dọ̀ sáré wọlé lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ iṣẹ́ òun, nítorí àwọn arúgbó òun ń retí òun ní ìrọ̀lẹ́. Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó sọ pé "Bísímílàhì," ó sì gbéra.