Oògùn Tí Mo Sẹ́ Lójú Àwọn Ọ̀rẹ́ Mi

Irọ́ ni mo pa, irọ́ kékeré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Ibà mú mi, mo wá lọ sí kẹ́míìsì àdúgbò wa ní Ìkòsí kí wọ́n bá mi po oògùn pọ̀ bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe: oríṣiríṣi hóró nínú ọ̀rá kékeré, ká da gbogbo ẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ ń lo oògùn míì nílé?"

Àwọn láńlọ́ọ̀dù méjì ẹlẹgbẹ́ mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ta dráàfù. Àná ni mo ṣì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé arúgbó ti dé sí wọn lára. Ṣé ojú wọn ni màá ti wá sọ pé dókítà ti ń fún mi lóògùn láti oṣù mẹ́ta kí ọkàn mi lè máa lù déédéé?

"Èmi kẹ̀?" ni mo wí. "Àgbo ìyá mi ò tíì tán lára mi!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé ti ọjọ́ náà mì, mo ki ọ̀rá ti ọjọ́ kejì bọ àpò ṣòkòtò.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ ni àyà mi yí padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wa tírélà alùbọ́sà wá sí Mile 12, mo mọ ẹ́ńjìnnì tó bá ń mísì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni: á lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á dákẹ́, á tún fò sókè. Ojú mi ṣú. Mo di ògiri mú, mo pe ìyàwó mi. Dípò kí n sọ ohun tó ń ṣe mí, ibi tí ìwé ilé wà ni mo ń sọ. Èmi tí bíréèkì já mọ́ lọ́wọ́ rí tí mi ò pariwo!

Ní ọsíbítù, wọ́n lẹ wáyà ẹ̀rọ tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù mọ́ mi láyà. Dókítà wo ìwé tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde, ó ní, "Bàbá, kí lẹ lò?"

"Èyí tí ẹ kọ fún mi náà ni."

Ìyàwó mi yọ ọ̀rá kékeré yẹn látinú àpò ṣòkòtò mi, ó gbé e sórí tábìlì.

Dókítà da àwọn hóró náà sọ́wọ́. "Méjì nínú ìwọ̀nyí ò gbọdọ̀ bá oògùn ọkàn yín pàdé. Àwọn ló da lílù ọkàn yín rú. Ká ní ẹ tún lo tòní..."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tèmi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀dì náà ti ṣófo, wọ́n ti tẹ́ aṣọ mìíràn sórí ẹ̀. Mi ò béèrè.

Nígbà tá a délé, mo ní màá fúnra mi lọ ṣàlàyé fún oníkẹ́míìsì, tó bá ṣe díẹ̀, tí kò bá sẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì.

"Mo ti lọ," ni ìyàwó mi wí. "Mo gbé páálí oògùn ọkàn yín lé orí dráàfù wọn. Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn yọ tiẹ̀ náà jáde lápò, ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí n má sọ fún yín."