Gòjé Tó Ń Ké Lẹ́yìn Sípíkà

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi mí sí, lórí kíréètì mínírà, lẹ́yìn sípíkà ńlá tí wọ́n ta aṣọ bò, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Ìdílé onísákárà ni wá ní Ìgándò. Bàbá mi ló ń ta gòjé, tó sì ń dá orin, àbúrò rẹ̀ ń lu sákárà, ìyá mi ń lu igbá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbè é. Bàbá mi ní ijó kan tí àwọn èèyàn fi mọ̀ wá. Ọkùnrin á tò sí ìlà kan, obìnrin á tò sí ìkejì, wọ́n á kọjú síra wọn. Tí gòjé bá ti ké sókè, oníkálukú á kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Tí gòjé bá ṣì í, wọ́n á máa kọlu ara wọn.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún bàbá mi, ó ṣì ń dá orin, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló mọ gòjé ta nílé wa. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi, ó sì máa ń yìn mí gan-an, tí ilẹ̀kùn bá ti wà ní títì. Ṣùgbọ́n ó ní obìnrin kì í jókòó ta gòjé láwùjọ, pé ayé á ní ilé òun ti tán. Ni wọ́n bá gbé gòjé mìíràn fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fi àdí pa irun ẹṣin tó wà lára ọrun rẹ̀ kó má baà dún. Òun á dé fìlà, á jókòó síwájú, á máa fa ọrun lọ fa ọrun bọ̀. Èmi á máa ta èyí tó ń dún lẹ́yìn sípíkà. Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ọlá ni wọ́n bù fún mi. Òmùgọ̀ ni mí nígbà náà. Tí mo bá ráhùn, ìyá mi á ní sùúrù ni baba ìwà. Irú baba wo wá ni sùúrù, tó jẹ́ pé ọmọbìnrin nìkan ló ń bí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ àwọn onílé ṣe ìparí ọdún wọn ní pápá ilé ìwé kan ní Ìkọ̀tún. Alága wọn gba máíkì, ó ní bàbá mi bí ọmọkùnrin tó jogún ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ṣí fìlà, ó tẹríba. Mo ní bàbá mi á kàn dákẹ́ ni. Kò dákẹ́.

"Ọlọ́run ló ṣeun," ó ní. "Kò sí ẹlòmíì tó lè ta á nílé mi, àfi ọmọ yìí."

Inú bí mi gan-an. Wọ́n ní ká máa bá eré lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìlà méjèèjì kọjá dé àárín, mo gbé ọrun kúrò lórí okùn. Àwọn oníjó dúró gbagidi. Ẹ̀gbọ́n mi tó dijú bí ọ̀gá ṣì ń fa ọrun tirẹ̀ lọ ní gbẹrẹfu. Bàbá mi gbàgbé pé máíkì wà lẹ́nu òun, ó yíjú sí sípíkà.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ta ló ní kí o dá a dúró?"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Gbogbo pápá ló gbọ́. Mo ká aṣọ sókè, mo gbé gòjé jáde, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ dìde níbẹ̀," mo ní.

"Ẹ" ni mo fi bá a sọ̀rọ̀ torí ẹ̀gbọ́n mi ni, ṣùgbọ́n mi ò kúrò níwájú rẹ̀ títí ó fi dìde. Mo ta ijó náà parí. Bàbá mi kò wojú mi.

Ó ti pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń ta fóònù ní Ìyànà Ìpájà báyìí, ó ti bẹ̀ mí, mo sì ti gbà. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń jókòó síwájú, bàbá mi a máa dá orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé tí àwùjọ bá ti yìn mí, bàbá mi á gba máíkì, á ní òun ló fọwọ́ ara òun gbé mi jókòó síbẹ̀. Nígbàkigbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn, mo máa ń gbé ọrun kúrò lórí okùn. Àwọn oníjó á dúró láàárín. Á wò mí, èmi náà á wò ó, títí yóò fi panu mọ́, kí n tó máa bá a lọ. Ó mọ ọ̀rọ̀ tí mò ń dúró dè, pé òun ló fi mí pamọ́ sẹ́yìn sípíkà. Kò tíì sọ ọ́.