Ọkọ̀ Tí Ọkọ Mi Fi Sílẹ̀

Láràárọ̀ ni mo máa ń bẹ ọkọ̀ yẹn kó tó jí. Màá yí kọ́kọ́rọ́, á wúkọ́, á dákẹ́. Màá tún yí i, á tún wúkọ́. Ìyá mi á ti yọjú lójú fèrèsé pẹ̀lú pákò lẹ́nu, á bi mí pé, "Ṣé ó ti gbà?" Nígbà tó bá gbà tán, gbogbo àdúgbò wa ní Ìsẹ̀ ló ń gbọ́ ọ, nítorí ìpẹtà ti jẹ sàlẹ́ǹsà rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá. Àwọn tó ń múra oko á ní, "Tíṣà ti ń lọ Emùré nìyẹn."

Ọkọ mi ló ni ọkọ̀ náà. Àkúrẹ́ là ń gbé nígbà tó rà á lọ́wọ́ ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe tuntun nígbà náà pàápàá, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewéko rẹ̀ ṣì ń dán. A máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi níwájú, tí gèlè mi ń kan òrùlé, tí òun á máa fi ẹnu súfèé. Kò pẹ́ sígbà náà ló rí ààyè ẹ̀kọ́ gbà ní òkè òkun. Ọlọ́run kò tíì fún wa lọ́mọ. Lọ́jọ́ tó máa lọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Má tà á o. Tí mo bá dé, òun ni mo fẹ́ kó o gbé wá pàdé mi."

Mo ní, "Mo gbọ́. Ẹ ṣáà tètè máa bọ̀."

Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, inú àwọn èèyàn wa dùn, wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Èkìtì di ẹrù wa ní Àkúrẹ́, a sì ń padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kó àwo, aṣọ àti ìwé sínú ọkọ̀ náà títí ìdí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, mo gbé e lọ sílé bàbá mi ní Ìsẹ̀, níbi tí ìyá mi ti ń dá gbé látìgbà tí bàbá ti kú. Ojú ìta tí wọ́n ti sìn mí lọ sílé ọkọ, ibẹ̀ náà ni mo wá gbé ọkọ̀ sí. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Emùré ni wọ́n pín mi sí.

Ẹni tó bá ti gbé ìlú tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ ọ́n láti kékeré á mọ ohun tí ojú mi rí. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo yà sí tí wọn kì í ti í bi mí pé, "Ọkọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

"Láìpẹ́."

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tó ń lọ Emùré láti Ìsẹ̀ máa ń bá mi lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kú sójú ọ̀nà, a ń pẹ́ẹ́ dé, èéfín sì ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ wọlé sí wa lára. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé, "Ẹ máa lọ, a fẹ́ yà ra nǹkan." Bí mo bá dé ilé ẹ̀kọ́, màá rí wọn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Mo ń kí wọn, wọ́n ń kí mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń dá lọ, tó ń dá bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá láti Èkó nígbà Àjíǹde, ó gbé tòkunbọ̀ kan tó ń kọ mọ̀nà lábẹ́ oòrùn. Ó dúró ti ọkọ̀ mi, ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó mi orí.

Ó ní, "Ṣé ọkọ̀ ló ń gbé ọ ni, àbí ìwọ lò ń gbé ọkọ̀? Tà á. Jẹ́ kí n bá ọ wá èyí tó ṣì lágbára."

Mo ní, "Bùọ̀dá, ọkọ mi ní kí n má tà á."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá mi tó ń gé ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà dá a lẹ́kun. "Fi í sílẹ̀," ó ní. "Ulé rẹ̀ ló ń ṣọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé bí ẹni tó ń bo aláìsàn láṣọ.

Kò sí fóònù àpò nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù kan wà ní Ìkẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni ọkọ mi máa ń pè mí sí ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ní ọ̀sán. Màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó ń retí ọmọ wọn, ọkọ wọn, àbúrò wọn. Bí wọ́n bá pè mí wọ inú àpótí onígíláàsì tí fóònù wà nínú rẹ̀, ohun tí mo ti ń tò jọ láti oṣù tó kọjá á pòórá lọ́kàn mi, màá kàn máa ní, "A wà dáadáa. Màámi ń kí yín."

Lọ́jọ́ Sátidé kan lásìkò òjò, mo ti kúrò ní Ìsẹ̀, mo ń lọ Ìkẹ́rẹ́ láti lọ gba ìpè náà, ni ọkọ̀ bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ níbi ọ̀nà gbé ń gun òkè díẹ̀, tí oko kòkó wà lọ́tùn-ún lósì. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí kò fi wúkọ́ mọ́. Èéfín funfun ń jáde níwájú. Mo bọ́ sílẹ̀, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ kan kọjá, ó kún. Òmíràn kọjá, ó kún.

Bàbá arúgbó kan àti ìyàwó rẹ̀ jáde láti oko, bàbá gbé àdá, ìyá ru agbọ̀n iṣu. Bàbá ò tilẹ̀ béèrè nǹkan kan, ó gé ẹ̀ka igi, ó lọ tẹ́ ewé sójú títì lẹ́yìn ọkọ̀ mi kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé nǹkan wà níwájú.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Kò dà bẹ́ẹ̀, o tẹ́ ẹ sún mọ́ ọn jù."

Bàbá ní, "Ṣé ìwọ ló ń kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ewé?"

"Ẹni tí kò bá kọ́ ọ ni kò rí ọ."

Ó bínú, ó tún ewé náà tẹ́ síbi tí obìnrin yẹn sọ. Wọ́n bá jókòó tì mí lórí koríko. Mo ní kí wọ́n máa lọ, ilẹ̀ lè ṣú mọ́ wọn. Ìyá yẹn ní, "Ká fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ sínú igbó?" Wọ́n sun àgbàdo kan wá láti oko, ó ti tutù, ìyá dá a sí mẹ́ta, ó fún mi ní apá tó gùn jù, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ẹni tó gbàgbé iyọ̀ sílé. Mo ń jẹ àgbàdo, mo ń wo ẹnu wọn. Ó ṣe mí bíi pé kí ẹnì kan bá èmi náà jà lórí iyọ̀.

Ìyá náà bi mí, "Ibo lò ń lọ?"

"Ìkẹ́rẹ́ ni, màámi. Ọkọ mi fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù."

Ó ní, "Ha! Ó ń dúró dè ọ́ nìyẹn." Ó dìde, ó bọ́ sójú títì, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ bí ẹni pé ọkọ tirẹ̀ ló ń pè é lórí fóònù. Dírẹ́bà dúró, ó fi okùn fa ọkọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Ìkẹ́rẹ́. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù, bàtà mi kún fún ẹrẹ̀. Àwọn bẹ́ǹṣì ti ṣófo.

Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní, "Wọ́n pè, wọ́n tún pè. Mo ní ẹ ò tíì dé."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kò burú."

Odindi oṣù kan ni mo fi ro "kò burú" yẹn, tí mo ń yí i síwá, tí mo ń yí i sẹ́yìn. Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, mo tètè jáde nílé, ọkọ̀ sì gbé mi débẹ̀. Ó pè.

Ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá?"

"Ọkọ̀ ló dákẹ́ sọ́nà."

"Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ wa. Aláwọ̀ ewéko."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn, inú mi kọ́kọ́ dùn. Ó ní, "Ìyẹn ṣì wà láyé? Mo ti rò pé o tà á tipẹ́. Kí lo wá ń fi ìyẹn ṣe? Ra òmíràn jàre."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n má tà á."

Fóònù ń hó ṣì-ì-ì. Ó ní, "Èmi? Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Ó ti pẹ́." Ó wá ń sọ̀rọ̀ nípa òtútù ibẹ̀, àti ọkọ̀ tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, pé ó ń gbé ooru jáde lábẹ́ àga. Mo ní, "Ẹ kú oríire."

N kò sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀, mo di kẹ̀kẹ́ ìdarí rẹ̀ mú láìyí kọ́kọ́rọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí èèyàn bá àwọn ṣọ́ ẹrù lẹ́bàá ọ̀nà, tó wá jẹ́ pé ẹlẹ́rù ti gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé. Kò jí nǹkan mi. Kò parọ́ fún mi. Ó kàn gbàgbé pé èmi wà níbẹ̀ ni.

Mo délé, ìyá mi bi mí ohun tó wí. Mo ní, "Ó ní kí n ra ọkọ̀ míì."

Ó ń bó iṣu. Kò gbójú sókè. Ó bó o tán, ó fi omi ṣan ọ̀bẹ, kó tó wá ní, "Ùwọ ńkọ́? Kí ni ùwọ fẹ́?"

Ọkọ mi ti sọ tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ tirẹ̀, mẹkáníìkì náà ti sọ pé ọkọ̀ yẹn ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. N kò tíì bi ara mi léèrè rí. Mo ṣì ń wa ọkọ̀ náà títí sáà ẹ̀kọ́ fi parí, kì í ṣe nítorí ẹnikẹ́ni mọ́, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀. Lóòótọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi.

Nígbà ìsinmi, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ wo ọkọ̀ ní Èkó. Pupa ni ẹni tó ń tà á fẹ́ kí n rà, pé pupa ló yẹ obìnrin. Mo mú kékeré kan tó ní àwọ̀ eérú. Àgbẹ̀ kan láti Ìrò ló ra àtijọ́ yẹn, ó fẹ́ máa fi kó iṣu. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jí i. Bó ṣe ń wà á lọ, èmi àti ìyá mi dúró lójú ìta títí ariwo rẹ̀ fi wọlé sáàárín ariwo ọjà.

Lọ́jọ́ Ajé tí mo kọ́kọ́ gbé tuntun lọ síṣẹ́, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ti ń dúró ní ìkóríta. Wọ́n wọlé, wọ́n kún ẹ̀yìn, wọ́n kún iwájú, wọ́n ń yìn mí, wọ́n ń gbàdúrà pé a ó lò ó pẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí nǹkan tí wọ́n fẹ́ rà lọ́nà. Mo ń ṣe àmín. Mo ń wa ọkọ̀ tó kún fọ́fọ́, ó sì ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan ni mo wà nínú rẹ̀.

Ọkọ mi kò padà wá gbé. A ò jà. Àwọn ìpè rẹ̀ ń jìnnà síra wọn, bí omi kànga ṣe ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, títí ọjọ́ kan tí mo fi dé Ìkẹ́rẹ́, tí mo ra ohun tí mo fẹ́ rà, tí n kò sì yà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá mi ní òun fẹ́ lọ kí àbúrò òun ní Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì. Wọn kò tíì rí ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Mo gbé e gba ọ̀nà Ìlúmọba. Nígbà tí a dé, àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń pe ara wọn ní orúkọ tí n kò gbọ́ rí, wọ́n jẹun nínú àwo kan náà bí ọmọdé. Mo jókòó sórí òkúta lẹ́yìn ilé, mò ń wo àwọn ewúrẹ́.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, òjò bẹ̀rẹ̀. Ó wù mí kí n sọ fún ìyá mi pé bóyá màá béèrè fún ilé àwọn olùkọ́ ní Emùré, tàbí kí n padà sí yunifásítì, tàbí pé ẹ̀rù ọjọ́ tí ìyá mi kò ní sí láyé mọ́ ń bà mí. Mo ti la ẹnu. Mo bojú wò ó. Ó ti sùn, orí rẹ̀ ti ṣubú sí èjìká, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí iṣu tí àbúrò rẹ̀ fún un. Mo dín eré kù nítorí àwọn kòtò, mo tan iná iwájú, à ń lọ.